Àfiwé Àwọn Kátíríìjì Mágínọ́mù Kúkúrú fún Ọdẹ Ẹran Ńlá: Ara Ìbọn ni Èrè Wà, Kì í Ṣe Ara Ẹran

Àṣamọ̀

Láàárín ọdún 2000 sí 2005, àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà gbé kátíríìjì mẹ́sàn-án jáde tí wọ́n kúrú, tí wọ́n sì sanra. Ìlérí tí wọ́n ṣe ni pé kòròfo kúkúrú lè ṣe iṣẹ́ tí kòròfo gígùn ń ṣe. Iṣẹ́ yìí fi àwọn tí ó wà fún ẹran ńlá nínú wọn wé ara wọn, ó sì fi wọ́n wé àwọn àgbà tí wọ́n bá nílé. Ohun tí a yẹ̀ wò ni ìwọ̀n kòròfo, ìfúnpá, eré ọta, agbára ọta àti ibi tí ọjà gbé kọ̀ọ̀kan wọn dé. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé ara ìbọn ni èrè kíkúrú kátíríìjì wà, kì í ṣe ara ẹran. Ọta tí ọdẹ yàn àti ibi tí ọta náà bà ni ó ń pa ẹran, kì í ṣe orúkọ tí a kọ sí ìdí kòròfo.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu, nítorí pé kátíríìjì tí ó kúrú ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ìbéèrè wa sì ni bóyá kíkúrú rẹ̀ dín agbára rẹ̀ kù. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tí ó ń lo ṣakabùlà kò ṣàjèjì sí irú ìbéèrè yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn ẹ̀tù sínú ìbọn. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ó bá sì kéré jù, ẹran yóò gbé ọgbẹ́ sá lọ. Láàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí ni ọgbọ́n ọdẹ wà.

Ọdẹ òkè òkun tí ó ń lo ráífù kì í sábà wọn ẹ̀tù fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n fún un, wọ́n ti dì í sínú kòròfo, wọ́n sì ti kọ orúkọ sí i nídìí. Ohun tí ó kù fún ọdẹ ni láti yan orúkọ kan láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí pé orúkọ lè tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá ra ìbọn nítorí orúkọ lè rí i lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé ọta rẹ̀ ti di ohun àwátì lọ́jà. Ẹni tí ó bá sì gbọ́kàn lé orúkọ lè yìnbọn lu ẹran láti ọ̀nà jíjìn tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká. Ẹran náà yóò sá wọ inú igbó pẹ̀lú ìrora, yóò sì kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ọdẹ pàdánù, ẹran jìyà lásán.

Àríwá Amẹ́ríkà ni a fi iṣẹ́ yìí mọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn kátíríìjì wọ̀nyí ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbajúmọ̀ jù. Ilẹ̀ Áfíríkà yóò jẹ yọ níbi tí a bá ti fẹ́ fi ààlà agbára wọn hàn. A kò kọ iṣẹ́ yìí láti rọ ẹnikẹ́ni láti lọ ra ráífù. Ìwé àṣẹ ni òfin Nàìjíríà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá ní ìbọn. Ìmọ̀ ni a ń wá.

2.0 Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ‘ọta’ ni a ń pe gbogbo ohun tí a ń kì sínú ìbọn ìgbàlódé. Nínú iṣẹ́ yìí, ó di dandan kí a ya nǹkan mẹ́rin sọ́tọ̀. Èkíní ni ọta fúnra rẹ̀, ìyẹn òjé tàbí bàbà tí ó ń fò jáde lọ bá ẹran. Èkejì ni kòròfo, ìyẹn agolo idẹ tí ó gba ẹ̀tù dúró. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù, tí ó ń jó di afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ti ọta jáde. Ẹ̀kẹrin ni ìṣáná kékeré tí ó wà ní ìdí kòròfo, tí ó ń tan iná sí ẹ̀tù nígbà tí ọdẹ bá fa apátí. Àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a pè ní kátíríìjì.

Kòròfo ráífù ní ìdí, ara, èjìká àti ọrùn, bí ìgò ọtí. Èjìká ni ibi tí ara kòròfo ti ń fún wọ ọrùn. Inú ọrùn ni ọta jókòó sí. Ibi tí kátíríìjì ń wọ̀ nínú ìbọn ni a pè ní ilé kátíríìjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹ̀yìn ìbọn wà, níbi tí ọdẹ ti ń fa irin sẹ́yìn kí kòròfo òfìfo lè jáde, tí ó sì ń tì í síwájú kí kátíríìjì mìíràn lè wọlé. Àpótí ọta ni ibi tí àwọn kátíríìjì tí ó kù ń dúró dè.

‘Mágínọ́mù’ jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí ‘ńlá’. Àwọn olùta wáìnì ń lò ó fún ìgò ńlá, àwọn oníbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lò fún kátíríìjì tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ‘mágínọ́mù kúkúrú’ dà bí ẹni tí ó ń sọ pé ‘ńlá kékeré’. Bí a bá ní ‘kúkúrú’, gígùn kòròfo ni a ń sọ. Bí a bá ní ‘mágínọ́mù’, agbára ni a ń sọ. Nọ́ńbà bí .270 tàbí .300 ń júwe fífẹ̀ inú ọ̀pá ìbọn ní ìwọ̀n íǹṣì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé e ní géérégé.

3.0 Ìtàn: láti orí gígùn dé orí kúkúrú

3.1 Àwọn àgbà

Ní ọdún 1912 ni ilé iṣẹ́ Holland & Holland ní Lọ́ńdọ̀nù gbé .375 H&H Magnum jáde. Kòròfo rẹ̀ gùn tó mílímítà 72, èjìká rẹ̀ sì rọra dagun ni. Nítorí pé irú èjìká bẹ́ẹ̀ kò lè dá kátíríìjì dúró ṣinṣin nínú ilé rẹ̀, wọ́n fi ìgbànú idẹ kan yí ìdí rẹ̀ po, ìgbànú náà ni ó sì ń dá a dúró. Ní 1925, .300 H&H Magnum tẹ̀ lé e. Kátíríìjì wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọ́n gùn ju ohun tí ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ráífù lè gbà lọ.

Láti 1956 sí 1963, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà gé kòròfo onígbànú yìí kúrú kí ó lè wọ ẹ̀rọ tí a ṣe fún .30-06 Springfield, kátíríìjì ológun ti ọdún 1906 tí ọdẹ Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀. Báyìí ni Winchester ṣe bí .458 ní 1956, .338 ní 1958 àti .300 Winchester Magnum ní 1963, tí Remington sì bí 7mm Remington Magnum ní 1962. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé kúkúrú ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí ní ìgbà tiwọn. Àwọn tí à ń pè ní gígùn lónìí ni kúkúrú àná.

3.2 Ìgbìyànjú àkọ́kọ́

Remington tún gbìyànjú láti gé wọn kúrú sí i. Ní 1965, ó gbé .350 Remington Magnum jáde, ní 1966 ó gbé 6.5mm tẹ̀ lé e. Mílímítà 55 ni kòròfo wọn. Ìbọn Model 600 tí wọ́n kọ́kọ́ fi yin .350 fúyẹ́, ọ̀pá rẹ̀ kò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 47 lọ. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì ń ta èjìká ọdẹ gidigidi. Ọjà kò gbà á. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní ya ẹnu nígbà tí ó bá rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000.

3.3 Kòròfo kúkúrú tí ó sanra

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Louis Palmisano, tí ó jẹ́ dókítà, àti Ferris Pindell ṣe kátíríìjì PPC fún àwọn tí ń fi ìbọn díje lórí pátákó. Kòròfo náà kúrú, ó sanra, èjìká rẹ̀ sì dúró gangan. Ó ń ba ojú ibi tí a fi sùn lọ́nà tí ó ya àwọn olùdíje lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé kòròfo kúkúrú tí ó sanra ń jó ẹ̀tù lọ́nà tí ó gún régé.

Ní ọdún 2000 ni ìkéde .300 Winchester Short Magnum jáde, èyí tí a gé kúrú sí .300 WSM. Kò pẹ́ tí .270 WSM àti 7mm WSM fi tẹ̀ lé e; .325 WSM dé ní 2005. Remington náà kò káwọ́ gbera, ó gbé .300 àti 7mm Short Action Ultra Magnum jáde, tí a ń pè ní SAUM. Láti 2003, Winchester tún gbé mẹ́ta mìíràn dé tí wọ́n kúrú ju gbogbo wọn lọ: .223, .243 àti .25 WSSM. Ẹran kéékèèké àti àgbọ̀nrín ni àwọn mẹ́ta yìí wà fún. Nítorí náà a kò ní bá wọn jìnnà nínú iṣẹ́ yìí.

4.0 Bí kòròfo kúkúrú ṣe ń ṣe iṣẹ́ gígùn

Kòròfo .300 Winchester Magnum gùn ní mílímítà 66.5, ti.300 WSM jẹ́ 53.3 péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara ti àkọ́kọ́ fẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 13, ti èkejì fẹ̀ ju 14 lọ. Ohun tí WSM pàdánù ní gígùn ni ó gbà padà ní sísanra. Kò ní ìgbànú. Èjìká rẹ̀ tí ó dúró gangan ni ó ń dá a dúró nínú ilé kátíríìjì. Síbẹ̀, kò gba gbogbo rẹ̀ padà: àyè inú kòròfo rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kéré sí ti .300 Winchester Magnum.

Báwo wá ni ẹ̀tù tí ó kéré ṣe ń ti ọta kan náà pẹ̀lú eré kan náà? Ìdáhùn méjì ni àwọn onímọ̀ ìbọn máa ń fún wa. Ti àkọ́kọ́ ni pé nínú kòròfo kúkúrú, iná ìṣáná tètè kárí ẹ̀tù, ẹ̀tù sì ń jó tán dáradára. Òótọ́ wà nínú èyí, ó sì jẹ́ kí ọdẹ fi ẹ̀tù díẹ̀ rí iṣẹ́ púpọ̀. Ìdáhùn kejì ni a kì í sábà gbọ́ nínú ìpolówó ọjà: ìfúnpá. Ẹgbẹ́ tí ń fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn aṣe-ìbọn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn SAAMI, gba .30-06 láàyè láti dé ìfúnpá 60,000 pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan ní ìbú àti ní òró, wọ́n gba 7mm Remington Magnum láàyè dé 61,000, .300 Winchester Magnum dé 64,000. Àwọn WSM àti SAUM gba 65,000. Kátíríìjì tuntun, ìbọn tuntun, ìfúnpá gíga. Àwọn àgbà ní láti ṣọ́ra nítorí ìbọn àtijọ́ tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Nítorí náà, bí a bá rí i pé 7mm WSM sáré ju 7mm Remington Magnum lọ, kì í ṣe àwòrán kòròfo nìkan ni ó fà á. Ẹni tí a gbà láàyè láti sa gbogbo agbára rẹ̀ ni a fi ń wé ẹni tí a so lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àfiwé òdodo.

5.0 Àfiwé pẹ̀lú ìwọ̀n

Àwọn nọ́ńbà tí ó wà nínú Àtẹ 1 jẹ́ irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ sórí páálí kátíríìjì. Gígùn kòròfo wà ní mílímítà, ìwúwo ọta ní gíráàmù, eré ọta bí ó ti ń jáde lẹ́nu ìbọn ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ sì wà ní júùlù. Àwa ni a ṣírò agbára láti inú ìwúwo àti eré.

Àtẹ 1: Kátíríìjì – gígùn kòròfo – ìwúwo ọta – eré – agbára

.270 Winchester – 64.5 – 8.4 – 933 – 3,660
.270 WSM – 53.3 – 8.4 – 998 – 4,190
7mm Remington Magnum – 63.5 – 9.1 – 948 – 4,080
7mm WSM – 53.3 – 9.1 – 983 – 4,380
.30-06 Springfield – 63.3 – 11.7 – 823 – 3,950
.300 Winchester Magnum – 66.5 – 11.7 – 902 – 4,740
.300 WSM – 53.3 – 11.7 – 905 – 4,780
.300 SAUM – 51.2 – 11.7 – 902 – 4,740
.338 Winchester Magnum – 63.5 – 13.0 – 902 – 5,270
.325 WSM – 53.3 – 13.0 – 899 – 5,240

Ohun mẹ́ta ni àtẹ yìí fi yé wa. Àkọ́kọ́, láàárín .300 Winchester Magnum, .300 WSM àti .300 SAUM, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹran lè mọ̀. Mítà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Ìbọn méjì tí ó jẹ́ irú kan náà lè fi jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá sọ pé WSM lágbára ju àgbà rẹ̀ lọ ń polówó ọjà ni. Ẹni tí ó bá sì sọ pé kò lágbára tó o nítorí pé ó kúrú, òun náà kò wo ìwọ̀n.

Èkejì, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kì í ṣe mágínọ́mù, ìyàtọ̀ wà. Agbára .300 WSM fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ju ti .30-06 lọ. Àǹfààní yìí hàn jù ní ọ̀nà jíjìn, níbi tí ọta tí ó yára kì í tètè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé nígbà tí ẹran bá wà láàárín 200 mítà, ìyàtọ̀ ibi tí ọta méjèèjì yóò bà kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àyà ẹran ńlá, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, fẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ẹ̀kẹta, .325 WSM àti .338 Winchester Magnum dọ́gba níbi ọta oní-13 gíráàmù. Bí a bá gòkè sí ọta tí ó wúwo, wọ́n yapa. Àwọn ilé iṣẹ́ ń di ọta tí ó wúwo tó 16 gíráàmù sínú .338, gíráàmù 14.3 ni ti .325 WSM mọ. Ọta gígùn tí ó wúwo ní láti wọ inú kòròfo kúkúrú jinlẹ̀, yóò sì gba àyè ẹ̀tù. Ibí yìí ni kíkúrú ti bẹ̀rẹ̀ sí san gbèsè.

6.0 Ohun tí ọdẹ jèrè àti ohun tí ó san

6.1 Èrè

Kátíríìjì WSM lódindi, ti òun ti ọta, gùn ní nǹkan bí mílímítà 73; .300 Winchester Magnum jẹ́ 85. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ mílímítà 12, kò tó ìbú ìka àtàǹpàkò. Nítorí rẹ̀, a lè lo ẹ̀rọ ẹ̀yìn ìbọn tí ó kúrú, ìbọn yóò fúyẹ́ díẹ̀, irin tí ọdẹ ń fà kò sì ní rìn jìnnà. Ọdẹ tí ó ń gun òkè Rocky Mountains láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ mọ iyì ìbọn tí ó fúyẹ́. Ẹrù kékeré a máa wúwo ní ọ̀nà jíjìn.

6.2 Gbèsè

Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó fúyẹ́ kì í gba ìtapadà mọ́ra. Bí ọta kan náà bá jáde pẹ̀lú eré kan náà, ìbọn tí ó fúyẹ́ ni yóò ta èjìká jù. Ẹ̀tù tí ó dín díẹ̀ ń ran WSM lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá fúyẹ́ jù, ìrànlọ́wọ́ náà kò tó. Ọdẹ tí ó ń bẹ̀rù ìtapadà yóò dijú kí ó tó fa apátí, ọta rẹ̀ yóò sì ṣì. Àwọn tí kò yìnbọn púpọ̀ ni èyí ń dà láàmú jù.

Gbèsè kejì wà nínú àpótí ọta. Kòròfo tí ó sanra ń gba àyè. Ráífù tí ó gba .30-06 márùn-ún lè má gba ju WSM mẹ́ta lọ. Yàtọ̀ sí èyí, èjìká tí ó dúró gangan kì í yọ́ wọ ilé kátíríìjì bí èjìká tí ó dagun. Ní ibi tí béárì wà, ọdẹ kì í fẹ́ kí kátíríìjì kejì há.

Gbèsè kẹta kan ẹ̀mí ènìyàn. .270 WSM àti 7mm WSM jọ ara wọn bí ìbejì. Ọta .270 fẹ̀ ní mílímítà 7.04, ti 7mm fẹ̀ ní 7.21. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ki 7mm WSM sínú ìbọn .270 WSM tí ó sì yìn ín, ọta tí ó tóbi yóò máa fi agídí gba ọ̀nà tí kò gbà á, ìfúnpá yóò sì ga dé ibi ewu. Nítorí èyí ni wọ́n fi sún èjìká 7mm WSM síwájú díẹ̀, kí ó má baà lè wọ ilé kátíríìjì .270. Bí ìṣọ́ra bá sì wà nínú iṣẹ́ wọn, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọdẹ pẹ̀lú: kí ó ka orúkọ tí ó wà ní ìdí kòròfo, kí ó sì ka èyí tí ó wà lára ìbọn, kí ó tó kì í.

6.3 Ìdájọ́ ọjà

Gbèsè tí ó tóbi jù ni èyí tí kò hàn lọ́jọ́ tí a ra ìbọn. Nínú mẹ́sàn-án tí a dárúkọ, .300 WSM ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, .270 WSM sì tẹ̀ lé e. 7mm WSM kò lè gba ipò lọ́wọ́ 7mm Remington Magnum tí ó ti wà láti 1962. .325 WSM ní àwọn olólùfẹ́ díẹ̀. SAUM méjèèjì dé lẹ́yìn WSM, agbára wọn kò sì jù ú lọ. Àwọn tí ń di kátíríìjì fúnra wọn nílé ni wọ́n gbé ẹ̀yà 7mm lárugẹ. Àwọn WSSM fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lọ́jà. Kì í ṣe pé wọn kò lè pa ẹran. Ohun tí wọ́n ṣe, àwọn mìíràn ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọta tí a lè rí rà ní ìlú kékeré. Ìbọn tí kò ní ọta, ọ̀pá lásán ni.

7.0 Ojú ìwòye ẹran

Ní Àríwá Amẹ́ríkà, ẹlíìkì jẹ́ ìbátan àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wọ̀n tó 300 kílógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ múùsì ní Alaska lè wọ̀n tó 600. Egungun èjìká wọn le, ara wọn sì nípọn. Ọta tí yóò pa wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé jinlẹ̀ dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Ní 1946, John Nosler lọ ṣọdẹ múùsì ní British Columbia, ní Kánádà, pẹ̀lú ìbọn .300 H&H Magnum. Ẹrẹ̀ gbígbẹ bo ara ẹran náà. Àwọn ọta rẹ̀ bà á, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́ yángá kí wọ́n tó wọlé jinlẹ̀. Kì í ṣe pé agbára kò tó. Eré mágínọ́mù náà gan-an ni ó fọ́ ọta tí kò lágbára tó eré rẹ̀. Nosler padà sílé, ó sì ṣe ọta kan tí bàbà dá inú rẹ̀ sí méjì: iwájú yóò là, ẹ̀yìn yóò dúró ṣinṣin láti wọlé. Partition ni ó pè é, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dá sílẹ̀ ní 1948 sì ń ṣe é títí di òní. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà nìkan ṣe ọta. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fi kún eré gbọ́dọ̀ fi kún líle ọta. Bí WSM ti yára tó, òfin yìí mú un.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. W. D. M. Bell, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ń fi agbègbè Karamoja ní Uganda pè, pa erin tí ó lé ní 1,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi kátíríìjì 7mm pa, èyí tí kò lágbára tó WSM kankan nínú àtẹ wa. Ó mọ bí agbárí erin ṣe rí nínú, ó sì mọ ibi tí ọpọlọ wà láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Àpẹẹrẹ Bell kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ tí ó bá fara wé e yóò kú tàbí kí wọ́n ṣe ẹran léṣe. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí òfin gba ọdẹ ẹfọ̀n àti erin láàyè, .375 ni ìwọ̀n tí ó kéré jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún wọn. Àwọn WSM kò dé ibẹ̀. Ẹlíìkì àti múùsì ni ààlà tí ó tọ́ sí .300 WSM, béárì ńlá sì jẹ́ ti ẹni tí ó gbójú, tí ó ní ọta líle. Fún ẹfọ̀n, kí ọdẹ wá ìbọn mìíràn.

Bí a bá wá bi ẹran léèrè, bí ó bá lè fọhùn, kòròfo wo ni ó ti ọta tí ó bà á jáde, kò ní mọ̀. Kòròfo kò bá ọta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; inú ìbọn ni ó kù sí.

8.0 Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn

Ìtàn kò parí sí 2005. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Hornady gbé 6.5 PRC jáde, òun náà kúrú díẹ̀, ó sì sanra. Ní 2021, Winchester àti Browning gé kòròfo .270 WSM kúrú díẹ̀ sí i, wọ́n sì pè é ní 6.8 Western. Ohun tí wọ́n gé e kúrú fún ni kí àyè lè wà fún ọta tí ó gùn tí ó sì wúwo, wọ́n sì mú kí ilà lílọ́ inú ọ̀pá ìbọn lọ́ kíákíá sí i kí irú ọta bẹ́ẹ̀ lè fò ṣinṣin. Èyí fi hàn pé àwọn ilé iṣẹ́ pàápàá ti yí ìbéèrè wọn padà. Ní ọdún 2000, wọ́n bèèrè pé: ‘Báwo ni kòròfo ṣe lè kúrú?’ Lónìí, wọ́n ń bèèrè pé: ‘Ọta wo ni kòròfo náà yóò gbé?’

9.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé mágínọ́mù kúkúrú mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ ní ti agbára: .300 WSM dọ́gba pẹ̀lú .300 Winchester Magnum, .325 WSM sì dọ́gba pẹ̀lú .338 níwọ̀n ìgbà tí ọta kò bá wúwo jù. A rí i pẹ̀lú pé ìfúnpá gíga wà lára ohun tí ó gbé wọn dé ibẹ̀, kì í ṣe sísanra kòròfo nìkan. Èrè wọn ni ìbọn tí ó kúrú díẹ̀ tí ó sì fúyẹ́ díẹ̀. Gbèsè wọn ni ìtapadà, àpótí ọta tí kò gbà púpọ̀ àti ewu pé ọta lè di àwátì.

Ìmọ̀ràn tí ó ti inú àfiwé yìí jáde kò le. Ẹni tí ó bá ti ní .300 Winchester Magnum tàbí .30-06 tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìbọn tuntun fún òkè gíga lè mú .300 WSM tàbí .270 WSM láìkábàámọ̀, nítorí pé ọta wọn ṣì wà. Ẹni tí ó bá rí 7mm WSM tàbí SAUM ní owó pọ́ọ́kú, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí yóò ti máa rí ọta rà. Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo wọn lo owó tí ó kù láti fi kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn, kí wọ́n sì mọ ibi tí ọwọ́ wọn mọ. Ọdẹ ṣakabùlà tí ó dúró títí ẹran fi yí ẹ̀gbẹ́ sí i mọ ohun tí orúkọ kankan kò lè kọ́ ọlọ́ráífù.